Ìwé-Ẹ̀rí Ọ̀rọ̀ Sísọ

Ẹni tó bá ń wá ọkùnrin tó fẹ́ràn ohùn ara rẹ̀ ju oúnjẹ lọ, kó má wulẹ̀ rìn jìnnà. Kó sáà sọ̀ kalẹ̀ ní Okìtìpupa láyé ìjọba ológun, ní bí ọdún mélòó kan kí wọ́n tó gbé àkóso padà fún alágbádá, kó béèrè Lucas Adébọ̀wálé, Olùdarí Àgbà Àjọ Ìlanilọ́yẹ̀. A ò sọ pé yóò tètè rí i o. Yóò kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Lucas kì í sọ pé "ẹ káàárọ̀" bí àwa yòókù. Ó pàdé ìyá kan tó ru púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ilẹ̀ Ìkálẹ̀, lọ sọ́jà, ó ṣí fìlà, ó ní: "Ìyá wa ọ̀wọ́n, mo fi tìdùnnú-tìdùnnú kí yín ní àkókò tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń na apá rẹ̀ sórí ilẹ̀ àwọn baba ńlá wa." Ìyá náà dúró tòun ti ẹrù lórí, ó ń retí kó parí ọ̀rọ̀ kó lè mọ̀ bóyá ó fẹ́ rà ni. Nígbà tó rí i pé kò fẹ́ rà, ó ní, "Ẹ ṣeun, Ọ̀gá," ó bá tirẹ̀ lọ. Lucas mí kanlẹ̀. Lọ́kàn tirẹ̀, ó ti la ìyá náà lọ́yẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Iṣẹ́ tí ìjọba gbé lé Àjọ yìí lọ́wọ́ kò le rárá. Kí wọ́n sọ fún ará ìlú ìgbà tí wọn yóò fún àwọn ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Kí wọ́n sọ ọ̀nà tó bàjẹ́ àti ọjọ́ ìmọ́tótó. Ó tán. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi agbádá aláṣọ òkè wọ ọkùnrin kan, tí ẹ fún un ní àga tó ń yí bírí, tí ẹ sì kọ "Olùdarí Àgbà" sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ẹ má retí pé kó jókòó máa sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́.

Igbákejì rẹ̀ ni Ọlátúndé, ọmọ Ẹdẹ tí ìjọba gbé wá sí ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ọlátúndé kò mọ nǹkan púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ àtẹ́wọ́ pa. Bí ọkọ̀ ọ̀gá bá ti fọn fèrè ní ìta, Ọlátúndé á fò dìde, á ké sí gbogbo òṣìṣẹ́ pé, "Ẹnu tí ń fọhùn fún odindi agbègbè ti dé o!" Gbogbo wọn á dìde, títí kan aboyún tó ń tẹ̀wé. Lucas á wọlé, á wúkọ́. Wọn á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà." Á tún wúkọ́. Wọn á tún ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà." Ikọ́ kankan kò ṣe ọkùnrin náà. Ó kàn fẹ́ràn pé kí wọ́n máa kí òun ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó wúkọ́ tán, ó gun orí àga tó ń yí bírí náà, Ọlátúndé sì dì í mú kó má baà yí.

"Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ mi," Lucas ní, "ẹ wo ìlú yìí. Gbogbo ènìyàn ló ń sọ̀rọ̀! Aládùrà ń ṣe ìfilọ̀ nínú ìjọ. Awakọ̀ ń pe èrò ní gáréèjì. Olùkọ́ ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ lórí ìlà láràárọ̀. Ta ló fún wọn láṣẹ? Níbo ni wọ́n ti kọ́ ọ? Ọ̀rọ̀ ti di nǹkan tí wọ́n ń dà sílẹ̀ bí omi ìfọṣọ!"

"Omi ìfọṣọ!" Ọlátúndé ní, ó fi ọwọ́ kan pàtẹ́wọ́ mọ́ itan, nítorí ọwọ́ kejì wà lára àga.

Báyìí ni Ìwé-Ẹ̀rí Gíga nínú Ìmọ̀ Ọ̀rọ̀ Sísọ ṣe délé ayé. Lucas pàṣẹ pé láti oṣù tó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni tí kò bá ní ìwé-ẹ̀rí náà kò gbọdọ̀ ṣe ìkéde kankan, ìbáà ṣe nínú ìjọ, ní ọjà, tàbí ní gáréèjì. Oṣù mẹ́fà ni wọn yóò fi kọ́ ọ. Òun gan-an ni yóò jẹ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ní ti èrè rẹ̀, ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe dààmú ara rẹ̀: àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n yóò máa fi mọ́tò wá gbé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òun lẹ́nu ọ̀nà ilé wọn. Owó ẹ̀kọ́ náà kò sì pọ̀ rárá. Kò ju iye tí ènìyàn fi ń ra ẹ̀rọ ìfún-epo tuntun kan lọ.

Ẹ̀rọ ìfún-epo tuntun kan gẹ́lẹ́ sì ni Mildred ń tu owó jọ fún ní Òde-Ayé.

Opó ni Mildred. Epo ló fi tọ́ Tẹniọlá, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo. Látàárọ̀ ló ti máa ń wà nínú ẹkù, níbi tí wọ́n ti ń ṣe epo pupa, tí á máa fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn ọ̀pẹ títí ìbàdí rẹ̀ á fi kú tipiri. Bó bá ra ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ á sinmi, epo á sì pọ̀ sí i. Ohun tó ti fi ọkàn sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n Tẹniọlá ti jáde ilé-ìwé gírámà láti ọdún tó kọjá, kò ríṣẹ́, kò sì rí àyè ní yunifásítì. Ó gbọ́ ìkéde Lucas, oorun ò sì kùn ún mọ́.

"Màmá, bí mo bá di oníròyìn, ẹ ò ní í tẹ ẹyìn mọ́ láé. Èmi ni màá máa bọ́ yín."

"Ó dára, ọmọ mi. Èló ni wọ́n ń san fún oníròyìn?"

"Wọ́n ní owó ńlá ni."

"Èmi náà mọ owó ńlá. Mo ní èló?"

Tẹniọlá kò mọ̀. Mildred ní òun ò bá a jà, kí àwọn lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Ni ìyá àti ọmọ bá wọ ọkọ̀ lọ sí Okìtìpupa.

Ọjọ́ náà jẹ́ ọjọ́ ìgbàlejò, àwọn ènìyàn kún yàrá fọ́fọ́. Mildred kúnlẹ̀ kí ọ̀gá, ó ní: "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan péré ni. Ẹ̀rọ ìfún-epo ni mo fẹ́ fowó mi rà. Mo mọ iye tí á máa mú wọlé fún mi lóṣooṣù. Bí mo bá wá gbé owó náà fún yín, èló ni ọmọ mi á máa gbà, ìgbà wo ló sì máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á?"

Ìbéèrè tó mọ́gbọ́n dání ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ẹ̀yin náà ì bá bi í. Ṣùgbọ́n nínú Lucas, nǹkan kan gbóná fòò. Láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò sẹ́ni tó ti bi í ní ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Kò ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó dìde, ó tún agbádá ṣe ní apá ọ̀tún, ó tún un ṣe ní apá òsì.

"Ìyáàfin! Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni lè gbé ìmọ́lẹ̀ sórí òṣùwọ̀n? Ǹjẹ́ a lè fi kẹ́ẹ̀gì wọn ọlá? Ọmọbìnrin yìí dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ògo, ìyá rẹ̀ sì ń béèrè iye tí wọ́n ra ilẹ̀kùn! Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará: ìyá tó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ya odi nítorí epo!"

"Nítorí epo!" Ọlátúndé ké, ó sì pàtẹ́wọ́. Àwọn èrò tó wà níbẹ̀ náà pàtẹ́wọ́, nítorí wọ́n ní nǹkan tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ ọ̀gá.

Mildred wo ojú ọmọ rẹ̀. Omi ti lé ròrò sí ojú Tẹniọlá. Obìnrin tó ti ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹyìn láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí kò ṣe aláìbìkítà sí ọmọ rí, wá dúró láàárín àlejò bí ọ̀dájú. Ìtìjú yẹn ló san owó náà, kì í ṣe ìgbàgbọ́. Ó tú u nínú gèlè, ó gbé e sórí tábìlì, ó jáde.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n kọ́ níbẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀, kò gba àyè púpọ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, bí a ṣe ń wúkọ́ kí á tó sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, bí a ṣe ń kí àwọn èèkàn ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, láti orí ọba títí kan aṣọ́nà. Lẹ́yìn ìyẹn, bí a ṣe ń yẹra fún "ọ̀rọ̀ ìhòòhò". Ọ̀rọ̀ ìhòòhò ni Lucas ń pe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan tó sì yé e. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé "òjò ń rọ̀" nínú kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ ọ́, wọ́n ní kó dúró síta, òjò náà sì pa á. Èdè Ìkálẹ̀ ńkọ́? Wọn ò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́ lójú ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ Ìkálẹ̀ ni ìyá ọ̀gá fi ń bá a wí títí dòní.

Tẹniọlá lóye, ó sì tètè mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ gan-an ni ìyọnu wà. Ní ọjọ́ kan tó ń bá ìyá rẹ̀ tajà, oníbàárà kan láti Ìlútítun béèrè pé, "Kẹ́ẹ̀gì yìí, èló?" Tẹniọlá wúkọ́, ó ní: "Oníbàárà wa àtàtà, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé ìbùkún wọ ìsọ̀ yìí, kí a tó kan iye, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ rírì igi ọ̀pẹ..." Kó tó kan iye, oníbàárà ti ń rọ epo ní ìsọ̀ kejì. Mildred jókòó, ó wo ọmọ tó fi owó ẹ̀rọ rà, kò mọ èyí tí òun ìbá ṣe nínú ẹ̀rín àti ẹkún.

Nígbà tí oṣù mẹ́fà ń parí lọ, Lucas ṣètò ayẹyẹ ìgbàwé-ẹ̀rí. Ó yan Òde-Ayé, ìlú tí wọ́n bí i sí, kí àwọn tó jọ ṣe ẹgbẹ́ lọ́mọdé lè rí ohun tó dà. Kọmíṣọ́nnà kan láti Àkúrẹ́ ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun á wá. Àmọ́ ní ọ̀sẹ̀ ayẹyẹ gan-an, òjò àrọ̀ọ̀rọ̀dá rọ̀, ó sì wó afárá onípákó tó wà lórí odò lójú ọ̀nà Okìtìpupa sí Òde-Ayé. Omi bo ojú rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀, á rò pé ẹrẹ̀ lásán ni. Àwọn tó ń ṣe ọ̀nà ní kí Àjọ Ìlanilọ́yẹ̀ tètè sọ fún aráyé pé afárá ti já, kí ọkọ̀ gba ọ̀nà oko.

Iṣẹ́ ti dé! Lucas tilẹ̀kùn mọ́rí, òun àti Ọlátúndé. Nígbà tí wọ́n jáde, ìkéde tí wọ́n kọ nìyí, wọ́n sì fi ọkọ̀ àti gbohùngbohùn gbé e kiri:

"Ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹ̀yin ọlọ́wọ̀, ẹ̀yin baba àgbà, ẹ̀yin ìyá olómitútù. Pẹ̀lú ọkàn tó wúwo ni a fi ń mú un wá sí etígbọ̀ọ́ yín pé ẹni tó ti ń gbé wa kọjá látayébáyé, tó fara da ẹsẹ̀ wa àti ẹrù wa láìráhùn, ó ti rẹ̀ ẹ́ wàyí, ó sì ti dùbúlẹ̀ sínú omi ìsinmi. Kí olúkúlùkù wá ọ̀nà mìíràn fún ara rẹ̀."

Ìlú dàrú. Ẹni tó ti ń gbé wa kọjá? Sínú omi? Àwọn ọmọ ìjọ Aládùrà ní ta ni ìbá tún jẹ́ bí kò ṣe wòlíì àwọn, tó ń ṣe ìrìbọmi nínú odò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n wọ aṣọ funfun, wọ́n tan àbẹ́là lọ́sàn-án gangan, wọ́n ń sunkún lọ sílé rẹ̀. Wòlíì jáde tòun ti pákò lẹ́nu, ó ní ta ló kú. Inú bí àwọn kan lára wọn díẹ̀ pé ó ṣì wà láàyè, nítorí wọ́n ti ra àbẹ́là.

Àwọn àgbẹ̀ ní tiwọn kò dúró de ìkéde. Wọ́n gé ẹ̀ka igi, wọ́n tò ó sójú ọ̀nà bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe, kí awakọ̀ lè mọ̀ pé ewu ń bẹ níwájú. Lucas dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ, ó rí i, ojú rẹ̀ sì korò.

"Kí ni gbogbo koríko yìí? Kọmíṣọ́nnà á wá bá ewé lójú ọ̀nà, ní ọjọ́ tí à ń ṣe àjọ̀dún ọ̀rọ̀? Ẹ kó o kúrò!"

Wọ́n kó o kúrò. Ó wá fi Tẹniọlá, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó mọ̀wé jù, sí ìhà Okìtìpupa pẹ̀lú gbohùngbohùn, kó máa ka ìkéde fún ọkọ̀ tó bá ń bọ̀. Òun àti Ọlátúndé gba orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ fi rékọjá odò padà sí ìhà Òde-Ayé, wọ́n dúró pẹ̀lú àwọn ará ìlú tó wá pàdé àlejò. Mildred wà láàárín wọn, nínú aṣọ ìjọ rẹ̀.

Jíìpù kọmíṣọ́nnà yọ. Bọ́ọ̀sì kan ń tẹ̀ lé e, ó kún fún àwọn ọmọ akọrin ilé-ìwé tí wọ́n ní kí wọ́n wá dá àlejò lárayá. Tẹniọlá gbé gbohùngbohùn sẹ́nu. Ó wúkọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"Ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹ̀yin ọlọ́wọ̀, ẹ̀yin baba àgbà..."

Ní òdìkejì odò, Lucas di ojú, ó ń mi orí. Ohùn ọmọ náà dùn mọ́ ọn dé egungun. Ó ń sọ ọ́ pẹ̀lú rẹ̀ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "ẹ̀yin ìyá olómitútù..."

Gbọ̀ọ́ọ̀! Jíìpù ti wọ odò.

Imú rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ìdí rẹ̀ dìde sókè. Bọ́ọ̀sì ń bọ̀ lẹ́yìn, kò sì dín eré kù. Tẹniọlá rí orí àwọn ọmọ ní fèrèsé, wọ́n ń kọrin. Ó ju gbohùngbohùn nù. Ó sáré bọ́ sójú títì, ó na apá méjèèjì, ó fi èdè Ìkálẹ̀ tí ìyá rẹ̀ bí i sí pariwo pé kí wọ́n dúró, afárá ti já, afárá ti já! Awakọ̀ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Bọ́ọ̀sì yọ̀ tẹ̀rẹ́ nínú ẹrẹ̀, ó dúró níwájú ọmọbìnrin náà, tó bẹ́ẹ̀ tó fi lè fọwọ́ kan irin rẹ̀. Orin dákẹ́. Mildred ti ń gba orí igi tẹ́ẹ́rẹ́ sáré lọ bá ọmọ rẹ̀, kò wo omi, kò wo ẹnikẹ́ni.

Ẹnikẹ́ni tó bá ní làákàyè á dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà. Ṣùgbọ́n Lucas là ń wí. Òun náà gbé agbádá sókè, ó fi ìbínú rékọjá.

"Tẹniọlá! Ọ̀rọ̀ ìhòòhò! Lójú àwọn àlejò! O ò kí wọn parí, o ò dé orí ọba, o wá ń pariwo bí ará oko! Ṣé ohun tí mo fi oṣù mẹ́fà kọ́ ọ nìyí?"

"Rárá, sà," Tẹniọlá ní, ó dì mọ́ ìyá rẹ̀. "Ẹ ò kọ́ mi ní ìyẹn."

Kọmíṣọ́nnà ló gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ti jáde láti inú jíìpù, omi mu ún dé ìgbáròkó, bàtà rẹ̀ kan sì ti bá odò lọ. Kò bínú sókè. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ìyẹn ló sì dẹ́rù bani.

"Ọ̀gbẹ́ni Adébọ̀wálé, kí ni ẹ̀ ń gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ yìí?"

Mildred ló dá a lóhùn. "Owó ẹ̀rọ ìfún-epo kan, sà."

"Ẹni tó bá gba ìwé-ẹ̀rí náà, iṣẹ́ wo ló ń dúró dè é? Èló ni yóò máa gbà?"

Lucas la ẹnu. Ó tún agbádá ṣe ní apá ọ̀tún. "Ọlọ́lá jù lọ, ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni lè gbé ìmọ́lẹ̀ sórí..."

"Èló?"

Lucas wo ẹ̀yìn, ó ń wá àtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ kò sí. Ọlátúndé ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọmíṣọ́nnà, ó ti kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ń fi áńkáṣíìfù ara rẹ̀ nu ẹsẹ̀ tí kò ní bàtà. "Ẹ má wulẹ̀ bi wọ́n mọ́, sà," ló ń wí. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá wọn sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀. Wọn kì í gbọ́."

Àtẹ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni Lucas rí tó ń wọ odò lọ lójú rẹ̀. Ó tún agbádá ṣe ní apá òsì.

Kò sí ayẹyẹ mọ́. Kí oṣù tó parí, ìjọba ti yọ ọ́ nípò, wọ́n ta ọkọ̀ Pijó rẹ̀, wọ́n dá owó padà fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ má sì rò pé gbogbo nǹkan tún padà bọ̀ sípò bí ti tẹ́lẹ̀. Láàárín bí oṣù mẹ́fà tí owó Mildred fi wà lọ́wọ́ Lucas, ọjà ti gbówó lórí; owó tó lè ra odindi ẹ̀rọ tẹ́lẹ̀ kò ra ju ìdajì lọ mọ́. Ó wá bá obìnrin kan ní Òṣoóró da owó pọ̀, wọ́n ra ọ̀kan, wọ́n ń lò ó ní ọ̀sẹ̀-ọ̀sẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ̀rọ bá wà ní Òṣoóró, ẹsẹ̀ Mildred á tún padà sínú ẹkù. Ó ń dùn ún, kò sì fi pamọ́. Tẹniọlá ló ń ta epo. Bí ẹ bá béèrè iye, ó ń sọ iye, oníbàárà sì ti ń padà wá. Ọlátúndé ńkọ́? Wọ́n fi í jẹ adelé Olùdarí Àgbà.

Ní ti Lucas, ìjọba kò lé e pátápátá. Wọ́n gbé e lọ sí yàrá kékeré kan ní Igbódìgò, níbi tí àwọn abiyamọ ti ń wá forúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀. Àga ibẹ̀ kì í yí. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kò sẹ́ni tó wọlé, ọ̀rọ̀ sì kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ó ti to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ: ọ̀rọ̀ nípa orúkọ, ọ̀rọ̀ nípa ìran, ọ̀rọ̀ nípa ipò tó ti wà rí àti àwọn ọ̀dàlẹ̀ tó yí i ká.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọbìnrin kan wọlé, ó pọn ìkókó. Lucas dìde, ó tún agbádá ṣe ní apá ọ̀tún, ó tún un ṣe ní apá òsì, ó wúkọ́.

Ọmọbìnrin náà gbé ìka sẹ́nu.

"Bàbá, ẹ rọra. Ọmọ ń sùn."

Lucas jókòó.